Ẹni Kẹtàdínlógún

Ohun kan wà tí gbogbo àwa aránṣọ mọ̀ tí a kì í sọ síta: a kì í wọn ara wa. Ẹlòmíì là ń wọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá di tiwa, a ó kàn tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a ó fojú wò ó, a ó gé e, a ó rán an. Tó bá fún wa, a ó ní aṣọ náà ló kéré. Ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Ẹ bi mí ní ìwọ̀n ìdí mi, n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó fẹjọ́ mi sùn yín. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, akọrin ni mí. Oṣù méjì ni mo fi kọ́ orin àdákọ kan, ni wọ́n bá gbé e fún obìnrin mìíràn, ohùn rẹ̀ kò sì tó tèmi. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn o. Bó ṣe lanu báyìí láàárín ìsìn, mo bọ́ aṣọ akọrin, mo jù ú sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, mo sì rìn jáde. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ooru mú lọ́jọ́ náà, ṣìmí nìkan ló wà lábẹ́ aṣọ mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yíjú padà, mo ní, "Ọlọ́run tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kó má retí ẹsẹ̀ mi mọ́!" Ẹ ò rí i pé ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọjọ́ Ìsinmi di ọjọ́ iṣẹ́ fún mi. Ìbínú náà kò pé oṣù mẹ́ta kó tó tán, àmọ́ ìtìjú ló gba ipò rẹ̀, ìtìjú kì í sì í tètè kó ẹrù. Ó wù mí kí n padà, ó wù mí gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo gbọ́ orin, tí mo sì sọ fún ara mi pé, "Wọ́n ti dí àyè rẹ. Ẹni tó bọ́ aṣọ Ọlọ́run jùnù, aṣọ wo ló tún ń wá?" Mo gbà pé Ọlọ́run ti pa orúkọ mi rẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò tilẹ̀ sọ fún ọkọ mi, káfíńtà tí kì í pa ìsìn jẹ, tí kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí.

Ni Ìyá Akọrin bá gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá àgbà tó ń darí àwọn akọrin ni, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Aṣọ akọrin tuntun, méjìlélógún. Mo fi ojú líle gbà á, bíi pé a kò mọra rí. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń jó. Kò sí orúkọ nínú ìwé ìwọ̀n tó kó fún mi, nọ́ńbà nìkan ni.

"Orúkọ wọn ńkọ́, Mà?"

"Ìgbà tí a kọ orúkọ sí i, wọ́n ka ìwọ̀n ìdí ara wọn, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì bá ara wọn jà. Nọ́ńbà ni kí o bá mi rán."

Iṣẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́ títí mo fi dé orí ẹni kẹtàdínlógún. Mo ka ìwọ̀n rẹ̀, mo tún un kà. Mo pe àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń ránṣọ pé kó wá wo nǹkan. Àyà, íńṣì mẹ́rìnlélógójì. Ìdí, mọ́kànléláàádọ́ta. Apá ọ̀tún, méjìlélógún. Apá òsì, mọ́kàndínlógún.

"Ṣé ènìyàn lèyí àbí kọ́bọ́ọ̀dù?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó lè jẹ́ apá kan ṣoṣo ló fi ń gbé omi láti kékeré," ló wí. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ẹni yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní tó bá fẹ́ yíjú padà nínú yàrá, àwọn àga á kọ́kọ́ bọ́ síta. Mo bá ọkọ rẹ̀ kẹ́dùn. Mo sọ ọ́ fún ọkọ tèmi nídìí oúnjẹ, omi tó ń mu gba imú rẹ̀ jáde, ó sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé àwàdà mi ló dùn tó bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, mo pe Ìyá Akọrin lórí fóònù.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹni kẹtàdínlógún yìí wọ̀n. Apá rẹ̀ ò dọ́gba."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní tépù òun kì í parọ́. Rán an bẹ́ẹ̀."

Mo rán an bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni mo kó wọn lọ, nígbà tí wọ́n ń dánrawò. Ohun tí mo pète ni pé kí n gbé ẹrù náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá Akọrin di ọwọ́ mi mú. "Aránṣọ tó dá iṣẹ́ rẹ̀ lójú, ó yẹ kó dúró wo aṣọ lára ẹni tó ni ín." Ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí. Mo dúró.

Wọ́n wọ aṣọ, aṣọ gbà wọ́n. Wọ́n ń yí po, wọ́n ń yin ara wọn, ariwo gba gbogbo yàrá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì.

"Ẹni kẹtàdínlógún dà?" ni mo bi wọ́n.

Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

"Ẹ má tijú! Ọlọ́run kọ́ ló ṣe yín ní kọ́bọ́ọ̀dù ni? Ẹ jáde wá!" Mo fi aṣọ náà wọ bírìkìlà tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, àfi bíi pé mo fi wọ ọ̀pá. Mo fi wọ nọ́ọ̀sì kan, méjì rẹ̀ ni aṣọ náà lè gbà. Ara mi ti ń gbóná. "Ṣé ẹni tó ni ín kò wá ni?"

"Ó wá," ni Ìyá Akọrin dáhùn. Kí n tó mọ̀, ó ti fa tépù mi yọ lọ́rùn mi, ó ti fi yí mi láyà. "Mẹ́rìnlélógójì!" ló kígbe.

"Mẹ́rìnlélógójì!" ni àwọn akọrin fi gbè é.

Tépù sọ̀ kalẹ̀. "Mọ́kànléláàádọ́ta!"

"Mọ́kànléláàádọ́ta!"

Orí mi wú. Kò sí ẹni tó mọ àwọn nọ́ńbà yẹn tó mi, èmi tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta bú wọn.

"Irọ́ ni!" ni mo ké. "Apá mi dọ́gba!"

"Apá òsì lo fi ṣe ìrọ̀rí lọ́jọ́ náà," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ni, n kò mọ ìgbà tó wọlé, ó di tépù onírin rẹ̀ mú. "Ibi tí mo rí ni mo wọ̀n."

Mo rántí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń sùn lórí àga gbọọrọ, tí irin tútù kàn mí lẹ́yìn. Mo ta jí, ó ní òun ń lé èèrà.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ ní èèrà lẹ̀ ń lé!"

"Èèrà kọ́," ló wí jẹ́ẹ́. "Ìwọ là ń lé."

Yàrá tún dàrú fún ẹ̀rín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti gba ojú mi. "Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí mo ṣe ni, Mà?"

"Gbàgbé kẹ̀? Gbogbo wa la rí ṣìmí rẹ."

"Mo sọ pé n kò ní wá mọ́. Mo sọ ọ́ sí Ọlọ́run létí."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Akọrin wí. "Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ kọ́ ni ìlérí Rẹ̀ so mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí ńlá tí wọ́n ń kó aṣọ sí, ó fa aṣọ méjì yọ nísàlẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀ wọ́n rí, ìlà ibi tí wọ́n ti ká wọn ṣì wà lára wọn. "Láti ìgbà tí o ti lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la ti pààrọ̀ aṣọ. Kò sí ìgbà tí a rán tiwa tí a kò rán tìrẹ."

Aránṣọ ni mí. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe ju kí n gba tépù. Mo wọn aláwọ̀ ewé, àyà rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì. Mo wọn pupa, mọ́kànlélógójì. Mo dúró láàárín wọn, mo ń wo ọdún mẹ́fà tí mo rò pé kò sí ẹni tó ń wò mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sá fún Ọlọ́run, mò ń sanra lójú Rẹ̀, ó sì ń ní kí wọ́n máa fẹ aṣọ mi sí i.

"Ìyá," ni mo wí, "tí n kò bá wá lọ́dún yìí náà ńkọ́?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Wà á tún sanra sí i nìyẹn," ló ní, "a ó sì tún ọ wọ̀n."

Mo gba aṣọ ẹni kẹtàdínlógún lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì wọ̀ ọ́.