Àyè fún Irin Gbígbóná

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ irú atọ́kọ̀ṣe tí Élisée jẹ́ ní Pobè, kí ó bi àwọn awakọ̀ tí ń kó òkúta láti Onigbolo. Wọ́n á ní ọkùnrin náà kì í fi ojú wo àìsàn ọkọ̀, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà mú un lọ́dún tó kọjá, tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, etí yẹn ni àrùn kò rí mú lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá iṣẹ́. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, tí ó ń gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Flavienne ni ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Láti kékeré ló ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì, ó lè dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ìgbéraga, ìtìjú ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù fún un: kí bàbá rẹ̀ fún un ní òmìnira iṣẹ́, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní líbérásíọ̀n. Ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á súre fún un, á sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹni yìí ti mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá gba ìyẹn, bó tilẹ̀ lè tú odindi ọkọ̀ palẹ̀ kí ó sì tún un tò, ọmọṣẹ́ ni wọn yóò máa pè é títí irun rẹ̀ yóò fi funfun.

Élisée dá ọjọ́. Ó ní kí Flavienne de irin èéfín tuntun mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó wà ní àgbàlá, nítorí iṣẹ́ èéfín ló ń fi sùúrù ènìyàn hàn. Òun yóò máa gbọ́ láti orí ẹní. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì náà bá mọ́, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni òun yóò gbé ọwọ́ òsì tó kù lé e lórí.

Irin tí à ń wí yìí ní ọwọ́ mẹ́rin tó fi di ara ẹ́ńjìnnì mú. Òun ló ń gba èéfín gbígbóná, tó sì ń tì í sínú ọ̀pá tó ń gbé e jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ooru bá wọ̀ ọ́, ó ń gùn sí i. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ń gùn, ó sì ń wá ibi tí yóò na ara sí. Ìdí nìyí tí ihò rẹ̀ fi máa ń tóbi ju bóòtù tó wọ inú rẹ̀ lọ. Élisée ti kọ́ ọmọ rẹ̀ pé àárín ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ó kàn mú un mọ́ra, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ó tún tutù pátápátá, kí ó tó wá dì í tán. Ó máa ń wí pé, "Irin tí o kò bá fún láyè, yóò fi agbára gba àyè náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Pierre, ẹ̀gbọ́n Élisée, ti Issaba wá. Káfíńtà ni. Tábìlì tó kàn fún ìjọ wọn ní ogún ọdún sẹ́yìn kò tíì mì. Ó fẹ́ràn Flavienne bí ẹyinjú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan bóòtù ìpẹ̀kun.

"Flavienne, èyí ń yí lábẹ́ ìka mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, bàbá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ìyá rẹ lo mú. Ìyá rẹ kò so ewúrẹ́ rí kó má tú."

Flavienne náà rẹ́rìn-ín, ó dorí kodò. Àlàyé náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọdé yóò ṣe dúró níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni tó gbé e pọ̀n rí, kí ó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de nǹkan? Ó gbé e mì. Ó wọlé lọ fún bàbá rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu.

Kí ó tó padà, Bàbá Pierre ti mú kíléè tí wọ́n fi ń de bóòtù, ó ti fi páìpù gígùn bọ ìdí rẹ̀ kí ó lè lágbára, ó sì ti fún gbogbo bóòtù náà títí wọn kò fi lè yí mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oore ló rò pé òun ṣe.

Élisée ké láti inú yàrá pé kí ó tan án. Flavienne kò tún yẹ bóòtù náà wò. Ó tan án, ohùn rẹ̀ sì mọ́ kedere. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, bí ó ṣe máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó tó ìwọ̀n ìgbà tí omi fi ń hó lórí iná, nǹkan kán bí ẹ̀ka gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pù, pù, pù.

Flavienne pa ẹ́ńjìnnì náà. Irin náà ti sán láàárín ọwọ́ kẹta àti ìkẹrin. Ó fi kíléè kan bóòtù ìpẹ̀kun, kò mì. Ó rí páìpù nílẹ̀, ó gbójú sókè wo Bàbá Pierre. Ojú ọkùnrin náà ti di eérú.

"Mo rò pé..." ni ó wí.

Élisée ń pe Flavienne. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ta ló dì í?"

Flavienne gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Pierre lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn òun. Ó ro bí yóò ti rí tí ojú bá ti àgbàlagbà níwájú àbúrò rẹ̀, nínú ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún àwọn méjèèjì láti jọ rí ara wọn.

"Èmi ni, bàbá."

"Kí ó tó gbóná?"

"Kí ó tó gbóná."

Élisée kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun ọmọ náà jù. "Ó kù díẹ̀," ni ó wí. Ó ní kí ó lọ bá Léonce ní Sakété, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀, kí ó fi ọdún kan sí i. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri. Bàbá Pierre la ẹnu lẹ́nu ọ̀nà, ó tún pa á dé.

Ní Sakété, Léonce wo ọwọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wá bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ ní kí òun kọ́ ọ tí kò tíì mọ̀. Flavienne ní bàbá òun sọ pé ó kù díẹ̀. Ó ń tú ìdí ọkọ̀ kan láti Aguidi, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nígbà tí wọ́n pè é láti Pobè pé Élisée ti lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bàbá Pierre fà á sẹ́yìn ilé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun lọ láti sọ òtítọ́ fún Élisée. Ní àkọ́kọ́, àlejò kún yàrá. Ní ìkejì, ó ń sùn. Ní ìkẹta, òun ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun bú sẹ́kún, Élisée sì rò pé nítorí àìsàn tirẹ̀ ni, ó ń rẹ òun lẹ́kún. Ó ní òun yóò dìde lónìí níwájú gbogbo ẹbí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ tipẹ́, kí Léonce sì fún un ní òmìnira ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Flavienne mọ̀ pé wọn yóò gbà á gbọ́. Láti ọmọdé, kò tíì bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ tó gùn ju ìkíni lọ.

"Ẹ sọ ọ́, bàbá, bí yóò bá jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Gbogbo wọn ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ, etí náà sì ti di."

Wọ́n ń pè wọ́n láti wá bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Flavienne di apá àgbàlagbà náà mú, wọ́n sì jọ lọ.