Ajá Kejì fún Alágbẹ̀dẹ

Bùsàrí di ọmọ ajá dúdú náà mú lẹ́yìn ọrùn, ó gbé e sókè. Kò ké. Ó kàn tẹjú mọ́ ọn ni. Àwọn mẹ́ta tó ti kọ́kọ́ gbé, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ti figbe ta. Láti kékeré ni baba rẹ̀ ti kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́ pé èyí tí kò bá ké lajá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé inú ṣọ́ọ̀bù onígàrí ní Èbúté Èrò lòun wà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Sùúrù, ajá rẹ̀ àkọ́kọ́, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọdún méje sẹ́yìn ni àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àjàṣẹ́, nílẹ̀ àwọn Faransé, wá sí Èkó tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan. Sùúrù ni Bùsàrí ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ajá ti darúgbó, ó ti ń kọ oúnjẹ, ẹ̀rù sì ń ba olówó rẹ̀: bí Sùúrù bá lọ, ta ló kù? Bàbá onílé tiẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀: “Ìwọ Mùsùlùmí, ajá kan, ẹ̀ẹ̀meje lò ń fọ abọ́ tó bá fẹnu kàn. Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni?”

“Ìyá, èyí ni mo fẹ́.”

Ìyá Hàwáwù onígàrí, tó ni àwọn ajá náà, ti ń wá okùn. “Ojú ẹ mọ ajá. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Alágbẹ̀dẹ ni mí.”

Okùn bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ó gba ọmọ ajá padà, ó fi ìró bò ó. “Mi ò tà á mọ́. Mo mọ ohun tẹ́yin alágbẹ̀dẹ ń fi ajá ṣe tọ́dún Ògún bá dé.”

“Ìyá, wúrà ni mò ń rọ. Mùsùlùmí ni mí.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ra ti èṣí ṣe wí. Ta ló mọ̀ ẹ́ l'Ékòó tó lè jẹ́rìí ẹ?”

Àlejò lójú, kò fi í ríran. Ta ló rán an lẹ́nu níṣẹ́? Bùsàrí ronú kan àwọn oníbàárà rẹ̀. Òrùka wọn ni wọ́n mọ̀. Ó bojú wolẹ̀.

Sùúrù dìde, ó tiro wọlé, ó sì dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ Bùsàrí. Ìyá Hàwáwù wo ewú tó ti bo ẹnu ajá náà.

“Ta ló ni arúgbó yìí?”

“Èmi ni, ìyá.”

“Ó ti pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹ?”

“Ọdún mẹ́wàá.”

“Ọdún Ògún mẹ́wàá, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.” Ẹ̀rín pa ìyá títí tí gbogbo ara rẹ̀ fi ń mì. Ó ṣí ìró, ó gbé ọmọ ajá lé e lọ́wọ́. “Gbà. Ẹlẹ́rìí ẹ ti dé.”

Bùsàrí san ṣílè mẹ́rin kí ìyá tó yí ọkàn padà. Ó ti dé ojú títì kí ìyá tó ké sí i: “Níbo lò ń gbé? Mò ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀.”

Bùsàrí júwe ilé tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá má baà ṣìnà. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, ọmọ ajá gbóná láyà rẹ̀, Sùúrù ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Yóò gbálẹ̀. Yóò ra obì. Láti ọdún méje, kò sẹ́ni tó tíì sọ pé òun ń bọ̀ wá sílé rẹ̀ láìní wúrà lọ́wọ́. Ó rọra dúró. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá rẹ̀.