Ẹ Kọ́kọ́ Bí Ìyókù Ná

"Ẹ má jókòó. Ẹ sọ ọ́."

Obìnrin aránṣọ kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì àwọn akànìyàn ìjọba ṣì wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ.

"Ìyàwó wa, wọ́n ti pa á."

Ẹsẹ̀ obìnrin náà kò kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, kò rán nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ náà rò ó fún un. Láti àárọ̀ ni òun àti ọkọ obìnrin náà ti ń ka ènìyàn ní àdúgbò àwọn afọ́kùúta. Ẹni mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ọkọ rẹ̀ rí, iye yẹn náà ló sì kọ. Ni káńsílọ̀ bá dé tòun ti géńdé mẹ́rin, ó ní kí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rin, kí àdúgbò lè ní ìjókòó kejì nílé ìgbìmọ̀.

"Ọkọ yín ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ bí ìyókù ná, n ó padà wá kà wọ́n.' Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa á."

Òòlù ìfọ́kùúta ni wọ́n fi rún ìka tó di bírò mú. Ó fi ọwọ́ kejì gbá ìwé mọ́ àyà. Òòlù yẹn náà ni wọ́n fi là á lórí, lójú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo sá." Ó wolẹ̀. "Nígbà tí mo padà, mo kọ ẹgbẹ̀rin."

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá àwọn akànìyàn wá kí opó náà. Ó ṣí fìlà, ó kẹ́dùn, ó wá fa ìwé kan yọ. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé alùpùpù ló gbá olóògbé.

"Alùpùpù wo ló ń fọ́ èèyàn níka lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Màmá, ẹ fọwọ́ sí i, wọn á gbé òkú fún yín. Ooru ń mú, iná kì í sì í dúró ní mọ́ṣúárì."

Ó fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ ọkọ rẹ̀. Àwọn ìka náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìka ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń rẹ́ ojú oórì, rédíò ń ké ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí: àdúgbò àwọn afọ́kùúta, ẹgbẹ̀rin ènìyàn. Ohùn káńsílọ̀ tẹ̀ lé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn akànìyàn fún òótọ́ inú wọn.

Bíríkìlà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Àǹtí, kí la ó kọ? 'Sùn un re' lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́."

"Fún mi ní ìṣó kan."

Ó kúnlẹ̀ ti sìmẹ́ńtì tútù náà, ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ náà, ó rọra kọ ọ́, kò fo àmì ohùn kankan:

Wọ́n lù ú pa.