Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Fọhùn

"Daddy Faiz, ṣé bàálù lẹ fẹ́ fi gbé wa padà sí Èkó ni?"

Gafar ò gbọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́? Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ẹ̀ ń bú ramúramù bíi kìnnìún tí wọ́n gbé oúnjẹ ẹ̀ sá lọ.

"Daddy Faiz!"

Ó yíjú padà. Habeebah ìyàwó ẹ̀ ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, bọ́nẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ ti yẹ̀ sápá kan, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Woolwich, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọ̀sán yẹn náà sì ni Gafar ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀: fídíò yìgì, fídíò ìsọmọlórúkọ, fídíò wòlímọ̀, òun ló ń gé wọn, òun ló ń tò wọ́n. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rẹ́ǹtì nínú ilé alájùmọ̀gbé kan ní Thamesmead. Bẹ́ẹ̀dì wà lápá kan, tábìlì wà lápá kejì, ewúrẹ́ kan lè dúró láàárín méjèèjì, tí kò bá ti lóyún.

"Mummy Faiz, o ti jí?"

"Kí èèyàn tó jí, ṣé kì í kọ́kọ́ sùn ni?"

"Mo ti fẹ́ parí ẹ̀. Fídíò wòlímọ̀ àwọn ọmọ Àǹtí Bíntù ni. Jímọ̀ ló fẹ́ gbà á."

"Àwọn ọmọ Àǹtí Bíntù ti parí Kùránì, èmi náà sì ti fẹ́ parí. Lóru àná mo po tíì fún bàbá arúgbó kan, iyọ̀ ni mo dà sí i. Ẹ mọ nǹkan tí bàbá yẹn sọ? Ó ní òun máa gbàdúrà fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Gafar. Ó wo ojú ìyàwó ẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ní Mushin tí mo dàgbà sí, abẹ́ wíńdò wa gan-an ni jẹnẹrétọ̀ lándílọ́ọ̀dù wà, kò pariwo tó báyìí! Ẹ gbọ́ mi o. Tí nǹkan yìí bá tún fi lè jí mi lọ́sẹ̀ yìí, mo máa gbé e wọ Woolwich Ferry. Ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi yẹn, wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ kò ní dé òdìkejì."

Habeebah kì í halẹ̀ lásán. Lọ́dún tó kọjá, ó kìlọ̀ fún ará ilé wọn kan pé kó yéé da bàtà sójú ọ̀nà. Wíńdò ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù ni ọkùnrin yẹn ti padà rí bàtà ẹ̀, ó sì sanwó kó tó gbé e. Látìgbà tí ẹ̀yìn ríro sì ti ní kí Gafar yéé gbẹ́rù kiri, kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ọkọ́ ẹ̀, òun náà ni àdá ẹ̀. Tó bá wọ omi Thames, ẹnu Gafar náà ti wọ omi nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo fídíò ẹ̀ sínú díìsìkì kan, ó gbé kọ̀ǹpútà náà sínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí Faiz, ọmọ wọn tó ti ń lọ síléèwé, ti dàgbà jù, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí òjò, ó tì í wọ bọ́ọ̀sì. Màmá òyìnbó kan nawọ́ ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà wò díẹ̀, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu màmá kó tó rí nǹkan tó wà níbẹ̀. Màmá wo kọ̀ǹpútà, ó wo Gafar.

"Ó jọ ẹ́," màmá sọ bẹ́ẹ̀ lédè òyìnbó, ó sì lọ jókòó síbi tó jìnnà.

Plumstead High Street ni Kenneth ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ìjẹ̀bú ni bàbá ẹ̀, Ìjẹ̀bú ni màmá ẹ̀, Woolwich ni wọ́n bí òun sí, ẹni tó bá sì ju ogójì ọdún lọ kì í bá a jà lórí ọ̀rọ̀ ìkíni mọ́.

"Uncle Gafar! O ti sanra o!"

"Kenneth, mo fẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré, tí kò ní pariwo, tí kò sì ní sọ mí di alágbe."

"Small, quiet, cheap. Mú méjì, uncle. Nobody gets three, innit."

"Ìyàwó mi ní kí n mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Auntie Habeebah? Okay, mẹ́ta."

Kenneth kọ́kọ́ gbé àpótí onígíláàsì kan jáde, fáànù kún inú ẹ̀, gbogbo wọn ń tàn, pupa, búlúù, pupa, búlúù.

"Ṣé kọ̀ǹpútà nìyí àbí ọkọ̀ ọlọ́pàá?" Gafar fa páálí bàtà Habeebah yọ láti ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ. "Mi ò fẹ́ kó tóbi ju báyìí lọ. Àyè èyí nìkan ló kù lórí tábìlì."

Kenneth bẹ̀rẹ̀ sí í to ọjà sílẹ̀. Processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àlòkù ni kó rà, èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ọpọlọ tí kò gbóná ò ní máa ké pe fáànù. Kò nílò káàdì àwòrán ọ̀tọ̀. Dípò díìsìkì tó ń yí gìrìgìrì, kó mú SSD, tí nǹkan kan ò yí nínú ẹ̀. Fáànù ńkọ́? Kó mú èyí tó fẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yé Gafar dáadáa: fáànù kékeré dà bí ọkùnrin kúkúrú tó ń bá ẹni gíga rìn, eré ló máa sá títí dé ilé.

Ni ojúkòkòrò bá wọ̀ ọ́. Irin ńlá kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé ọpọlọ lórí kó lè mú un tutù. Kenneth ní bí irin bá ṣe tóbi tó ni ariwo máa kéré tó. Gafar mú èyí tó ga jù ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé e sínú àpótí, irin náà yọrí síta bí ẹni tó ń yọjú wo ìjà aládùúgbò.

"Gé ihò sí i," Kenneth dámọ̀ràn. "Ó máa dà bíi chimney."

"Kí ọmọ mi wá máa sun àgbàdo níbẹ̀? Gbé pẹlẹbẹ wá, jàre."

Owó tó kù sílẹ̀, Kenneth ní kó fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ dí i. Ó so ó mọ́ iná kó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù kejì sáré jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó ní ṣé hẹlikọ́pítà ló ń balẹ̀ sí bárékè àwọn sójà ni.

Nígbà tí Gafar to tuntun náà tán nílé, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Kò gbọ́. Ó ti ń pe Kenneth lólè lọ́kàn kó tó rí i pé òun lòun ń tàn án tí òun tún ń pa á. Ó gbé etí lé e bí dókítà: jẹ́ẹ́ ló dákẹ́.

Láàárọ̀ Alámìísì, Habeebah dé láti ibi iṣẹ́, ó fọwọ́ kan àpótí náà.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má parọ́ fún mi o."

"Wo ojú ẹ̀. Fídíò Àǹtí Bíntù nìyẹn."

Habeebah ṣàdúrà fún un títí dé orí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí, ó sùn. Gafar ń gé, ó ń lẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn débi pé kò rántí fi iṣẹ́ pamọ́.

Lójijì ni Habeebah fò dìde.

"Wọ́n ti mú iná!"

Ojú ẹ̀ ṣì dì pa. Kí Gafar tó la ẹnu, ó ti yọ wáyà kẹ́tùlù, ó yọ ti lám̀pù, ó yọ ti kọ̀ǹpútà. "Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kí iná tó dé! Fìríìjì máa jó!" Ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun.

Gafar wo ojú kọ̀ǹpútà tó ti ṣókùnkùn. Ó gbé ọwọ́ lérí. Èkó lòun náà ti wá, ó mọ àìsàn yìí. Tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́ ní Mushin, iná ló lọ yẹn. Ọmọ tí kò bá sì yọ wáyà kí iná tó já dé pẹ̀lú agbára máa ṣàlàyé bí fìríìjì ṣe jó. Láti ọdún tí wọ́n sì ti dé ibí, yàrá yìí ò tíì dákẹ́ rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Ó fi téèpù lẹ wáyà mọ́ ògiri. Habeebah tún dìde, eyín ló fi já téèpù, ó yọ wáyà. Gafar bá tún bẹ̀rẹ̀, ó jókòó ti wáyà náà fúnra ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Habeebah gba ẹ̀yìn ẹ̀ jáde sí kọ́rídọ̀, ó ń kígbe pé kí gbogbo ilé yọ wáyà. Ará Poland tó wà ní yàrá kejì jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì nídìí, kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó gbọ́ ẹ̀rù. Ó sáré lọ yọ ti tẹlifíṣọ̀n ẹ̀.

Òtútù kọ́rídọ̀ ló jí Habeebah. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ sunkún.

"Daddy Faiz, yàrá yìí ti dákẹ́ jù. Mo ń gbọ́ ọkàn mi tó ń lù."

"Ìwọ lo ní kó dákẹ́!"

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú." Ó wo ilẹ̀. "Ṣé ẹ lè lọ gbé ti àtijọ́ yẹn padà wá?"

Jímọ̀ ku ọ̀la. Gafar pe Kenneth.

"Uncle, mo ti tú u. Fáànù ẹ̀ nìkan ló kù."

"Ṣé wọ́n ṣì ń pariwo?"

"They're terrible, uncle."

"Alhamdulillah. Tan wọ́n, gba ohùn wọn sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi."

"You okay, uncle?"

"Kenneth, ṣe nǹkan tí mo sọ."

Nígbà tí ohùn náà wọlé, Gafar gbé e sórí kọ̀ǹpútà tuntun, ó ní kó máa ké léraléra láìdúró, ó ṣí sípíkà. Ramúramù àtijọ́ gba gbogbo yàrá. Kẹ́tùlù ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Habeebah na ẹsẹ̀ gbọọrọ. "Ah," ó ní, ojú ẹ̀ ti ń dì, "wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀." Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Gafar ki íápíìsì bọ etí, ó gbé ọwọ́ lé àpótí kékeré náà. Ó tutù, kò sọ nǹkan kan, bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ mọ́ tí kò fẹ́ jà. Ó tún ṣí fídíò Àǹtí Bíntù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi í pamọ́ kó tó gé nǹkan kan.

Ní yàrá kejì, ará Poland ki wáyà tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ padà.