Píkọ́ọ̀pù Tó Kọ̀ Láti Yà

Àwọn ilẹ̀kùn tuntun ló wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù náà lọ́jọ́ tó kọ̀ láti yà. Káfíńtà ló ń wà á, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, òjò àkọ́rọ̀ tó fi gbogbo òru rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà sápá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwé, Káfíńtà yí sítíárìn bó ṣe máa ń yí i. Ó yí díẹ̀, ó sì dúró gbagidi, bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú láti ìsàlẹ̀. Káfíńtà fi gbogbo ara lé e, kò gbọ́. Ọkọ̀ ń lọ tààrà sára ògiri. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, imú ọkọ̀ sì wọ inú òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Níbẹ̀ ló dúró sí. Ilẹ̀kùn kan nínú ẹrù ẹ̀yìn bó lára. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà nínú kíláàsì wọn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìyàwó ti ń dá ọpẹ́ náà lórí ìjókòó níbẹ̀ kí Káfíńtà tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó máa rí ọ̀rọ̀ sọ, kì í ṣe ọpẹ́.

"Àbúrò rẹ ló fẹ́ pa wá," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí àbúrò ìyàwó yìí kì í ṣe àna lásán. Kékeré ló wà nígbà tí òbí rẹ̀ kú tó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé. Káfíńtà ló fi í sílé ìwé, Káfíńtà ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Nígbà tó dàgbà, ó sin adìẹ, ó ń ta ẹyin, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é ní Ẹlẹ́yin. Píkọ́ọ̀pù yìí ló fi ń kó ẹyin kiri. Nígbà tí Ọlọ́run bù kún un tó ra ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ, àwọn tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù náà pọ̀, ó ní rárá, ó ti ní olówó, ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni Káfíńtà rà á, ọkọ̀ náà ò sì dá a dúró lọ́nà rí títí di ọjọ́ òjò yìí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Káfíńtà gbé fóònù pe Ẹlẹ́yin. Kò kí i.

"Ọkọ̀ ikú lo tà fún mi. O mọ̀ pé sítíárìn rẹ̀ ti bàjẹ́, o fọ̀ ọ́, o kùn ún, o gbé e fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà!"

Ohùn Ẹlẹ́yin tutù bí omi àmù. "Ọ̀gá káfíńtà, mo ti gbọ́. Títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yín."

Ọ̀gá káfíńtà! Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é. Oníbàárà tó wá ra àpótí ló ń pè é ní ọ̀gá káfíńtà.

Nínú ilé yìí, bí wọ́n bá ń gbàdúrà àárọ̀, Káfíńtà a máa dárúkọ ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, látorí àgbà dórí ọmọ ọwọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ibi orúkọ Ẹlẹ́yin, ó fò ó, ó ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ ò ṣe àmín.

"Ẹnìkan kù," ló wí.

"Ṣé Ọlọ́run ò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni mò ń wò." Ó dìde lórí eékún, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Bàbá wọn, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Farabalẹ̀. Màá pe àbúrò mi wá síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe ilé yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ ibẹ̀."

Farabalẹ̀ ni mẹkáníìkì àdúgbò. Àwọn tó ń kánjú ló fi orúkọ yẹn bú u, òun náà bá gbà á, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dúdú fún ọ́ìlì, ṣùgbọ́n àwọn sípánà rẹ̀ kọ́ sára ògiri látorí ńlá dórí kékeré, wọ́n ń dán bíi ṣíbí ìyàwó tuntun. Kì í fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn kó tó béèrè ọ̀rọ̀ tẹ́rùn.

Wọ́n gbé imú píkọ́ọ̀pù kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn fà á débẹ̀. Ẹlẹ́yin ti dé ṣáájú, ó jókòó lórí táyà àlòkù kan. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá tẹríba díẹ̀ fún Káfíńtà. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá káfíńtà."

"Káàárọ̀," ni Káfíńtà wí, ojú rẹ̀ ń wo ibòmíràn.

Farabalẹ̀ wo àwọn méjèèjì. "Ta ló ni ọkọ̀?"

"Èmi ni," ni Káfíńtà wí.

"Ta ló tà á?"

"Èmi," ni Ẹlẹ́yin wí.

"Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà níbí o. Irin pọ̀ nílẹ̀, ẹ lè ṣe ara yín léṣe." Ó fa bẹ́ǹṣì kan fún ìyàwó, ó nu ọwọ́ sára àkísà. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àná. Lójijì."

"Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn o," ni Ẹlẹ́yin wí sínú afẹ́fẹ́. "Àná ló wá rántí pé òun fẹ́ paniyan."

"Mi ò bi ẹ́," ni Farabalẹ̀ dá a lóhùn, "àmọ́ mo gbọ́. Káfíńtà, kí ló yàtọ̀ láàárín ìjẹta àti àná?"

"Kò sí. Ẹrù tí mo máa ń gbé náà ni, ọ̀nà tí mo máa ń gbà náà ni. Òjò rọ̀, ìyẹn nìkan."

Farabalẹ̀ mi orí. Ó yí ọkọ̀ po, ó fi ẹsẹ̀ ta àwọn táyà iwájú, ó fi nǹkan wọn afẹ́fẹ́ inú wọn. "Táyà tí ò bá ní afẹ́fẹ́ a máa mú sítíárìn le. Ìwọ̀nyí yó." Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ ìdérí agolo ọ́ìlì sítíárìn, ó wò ó sójú ìmọ́lẹ̀. "Ọ́ìlì pé, kò sì dúdú." Ó fi ìka tẹ bẹ́líìtì tó ń yí póńpù. "Èyí náà le dáadáa. Ẹni tó lo ọkọ̀ yìí tọ́jú rẹ̀."

"Ẹ ṣeun," ni Ẹlẹ́yin wí.

"Ìta ló tọ́jú," ni Káfíńtà wí. "Ẹ wo inú."

Farabalẹ̀ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ títí táyà méjèèjì fi kúrò nílẹ̀. Ó wọlé, ó yí sítíárìn. Ó ṣì le koko. "Ẹ rí i? Táyà ò kanlẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò yí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù." Ó sún wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́ tó ń tú nǹkan. Ó jáde, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. "Mo ti tú ọ̀pá irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Káfíńtà, ẹ ti táyà yẹn wò."

Káfíńtà fi ọwọ́ kan ti táyà. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn tó ní epo nídìí.

"Ẹsẹ̀ ò lárùn," ni Farabalẹ̀ wí. "Ọrùn ló ní." Ó nawọ́ yí sítíárìn lókè. Kò yí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ awakọ̀. "Ibí tutù. Rọ́bà tó bo ihò tí ọ̀pá yìí gbà kọjá ti gbó, omi òjò ń gba ibẹ̀ wọlé." Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ki orí wọ abẹ́ sítíárìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Káfíńtà ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ orin ìjọ lábẹ́ ètè.

"Ẹ gbé pílásì fún mi," ni Farabalẹ̀ wí. Lẹ́yìn náà, "Ẹ gbé òòlù."

Nígbà tó jáde, ẹ̀là igi kan ló wà lẹ́nu pílásì. Igi pupa, ó gùn tó ìka, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí kan, ó nípọn lórí kejì, ó ti mu omi yó bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Farabalẹ̀ gbé e sókè, ó yíjú sí Ẹlẹ́yin.

"Igi nínú sítíárìn. Ìwọ lo fi èyí pa ariwo rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kó o tó tà á?"

Ẹnu Ẹlẹ́yin là sílẹ̀. "Igi kẹ̀? Nínú ọkọ̀ mi? Èmi tí mi ò mọ̀ ju ẹyin lọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo olè máa ń wí, ojú Farabalẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wo àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná, ó gba ẹ̀sùn ọkọ rẹ̀ gbọ́.

Ṣùgbọ́n Káfíńtà ń wo igi. Ó mọ igi náà. Ara igi tó fi ṣe ilẹ̀kùn ilé wòlíì ìjọ wọn ni. Ó mọ ojú ìfági rẹ̀ tó fá a. Ó mọ kòtò kékeré tó gbẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè gba ọ̀pá irin mọ́ra, àti àbẹ́là funfun tó fi pa á kí irin lè máa yọ̀ lórí rẹ̀, bó ṣe máa ń pa ìdí dúrọ́à. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀sẹ̀ tó ra ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ kékeré, bí ẹni pa ẹ̀fọn. Ojoojúmọ́ ló ń ki ẹ̀là igi bọ abẹ́ tábìlì, bọ etí fèrèsé. Ta ló ń rántí wọn?

Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ẹjọ́ ti bá ẹlòmíràn lọ. Bó bá dákẹ́, ó ti jàre, láàárọ̀ ọ̀la á sì tún fo orúkọ kan, ìyàwó rẹ̀ kò sì ní sọ pé ẹnìkan kù mọ́. Ibi tí èrò rẹ̀ dé nìyẹn tó fi la ẹnu.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ ní kí ni?" ni Farabalẹ̀ béèrè.

"Èmi ni mo fi síbẹ̀. Sítíárìn náà ń dún kì-kì-kì. Bí mo bá ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ orin ọjọ́ ìsinmi nínú ọkọ̀, á máa bá mi kọ ọ́, kò sì mọ orin."

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá wọn, ṣé igi yìí náà ni igi tí ẹ ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé ó ń mu omi, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn nítorí òjò?"

"Òun náà ni."

Farabalẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mú ọkọ̀. "Mo ti rí sítíárìn tí wọ́n fi wáyà so. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù lẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi ìfági tún ṣe, tí wọ́n fi àbẹ́là pa lára! Ẹ wò ó, ó jọ̀lọ̀!"

Ẹlẹ́yin ò rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ṣí fìlà, ó lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo pè ọ́ ní ohun tí o kò jẹ́. Má bínú."

"Ẹ ò bi mí," ni Ẹlẹ́yin wí, ó ń wo ilẹ̀. "Ìyẹn ló dùn mí. Ẹ̀ bá kàn ní, 'Ẹlẹ́yin, kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?' Ǹ bá fi adìẹ sílẹ̀ sáré wá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lẹ gbé fóònù dá."

"Òótọ́ ni." Kò fi àwáwí kankan lé e.

Farabalẹ̀ so ọ̀pá irin padà, ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, ó yí bí omi. "Rọ́bà inú ihò yìí ló gbó tó fi ń dún. Màá wá òmíràn. Títí dìgbà náà, á máa dún. Ariwo ò lè pa yín. Káfíńtà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi igi dí i o."

Káfíńtà gbé kọ́kọ́rọ́ fún Ẹlẹ́yin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ra níwájú, ìyàwó wà láàárín. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwé, ìyàwó di apá ọkọ rẹ̀ mú. Ẹlẹ́yin fi ọwọ́ kan yí sítíárìn, ọkọ̀ sì yà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kì-kì-kì.

"Bó ṣe ń dún láti ọjọ́ tí mo ti rà á nìyẹn," ni Ẹlẹ́yin wí. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe dá a ni. Àmọ́ ṣá, èmi kì í kọ ohùn ìsàlẹ̀."

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Káfíńtà náà ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Níwájú ilé, Ẹlẹ́yin dá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò pa á. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí sítíárìn. Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ kí ìyàwó lè rí ọ̀nà, obìnrin náà wọlé lọ láì wẹ̀yìn, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kù kì í ṣe tòun. Káfíńtà tẹ̀ síwájú, ó gbé apá lé ojú fèrèsé ọkọ̀.

"O ní ẹsẹ̀ rẹ ò ní tẹ ilé mi títí n ó fi mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ yìí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

Ẹlẹ́yin pa ọkọ̀, kì-kì-kì náà dákẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀rá dúdú tó ti ara sítíárìn lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi dọ̀tí. Ibo lomi wà?"

"Ibi tó máa ń wà náà ni," ni Káfíńtà wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.