Àpótí Ìjẹ́wọ́ Àárọ̀ Kérésì

Nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ mẹ́rin, káfíńtà kan pa iṣẹ́ oníbàárà tì, ó mú pákó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí ìjókòó kan. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún un wá a wá, ó bínú, ó lọ. Káfíńtà ò wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọkùnrin ti pé mẹ́fà. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti dàgbà tó láti jogún ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ láyé tí àwọn ẹbí ò tíì torí ẹ̀ jà.

Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá rẹ̀, Tíṣà sì ni gbogbo ayé ń pè é. Láti ọdún tuntun títí dé ọ̀sẹ̀ Kérésì, ẹgba kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀ Kérésì, á ju ẹgba náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, á gbé àpótí kan sí àárín pálọ̀, á ní: "Ẹ gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí kálukú jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mi ò mọ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ lónìí, mi ò ní nà án, mi ò sì ní sọ ọ́ mọ́ títí n ó fi kú." Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan adìyẹ títí ìjẹ́wọ́ á fi parí.

Ohun tí káfíńtà ò lè gbàgbé ni ojú Tíṣà. Lọ́dún tí òun pé mẹ́jọ, ó jẹ́wọ́ pé oògùn kíkorò tí wọ́n ń fún òun láràárọ̀, inú ìkòkò òdòdó lòun ń dà á sí. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gun àpótí, ó ní ó ti pé ọdún méjì tí òun ti ń buwọ́ lu káàdì ìdánwò òun fúnra òun, pé ìbuwọ́lùwé òun tilẹ̀ dára ju ti bàbá òun lọ. Iṣan ọrùn Tíṣà le bí okùn. Ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé itọ́ mì, ó ní, "Ọlọ́run gbọ́." Àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ẹ̀rín. Ká sòótọ́, bí Kérésì bá ti ku bí oṣù kan báyìí, wọ́n á ti máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó máa dùn-ún jẹ́wọ́ kiri.

Nígbà tó di àárọ̀ Kérésì, káfíńtà kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. Ìyá rẹ̀, tó wá ṣọdún lọ́dọ̀ wọn, jókòó sínú àga onítìmùtìmù. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, na ẹsẹ̀ sórí káńpẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Lọ́yà," ó ní, "látàná ni mo ti ń gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ráyè dá?"

"Wá a dáadáa, wàá rí i."

Lọ́yà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í yẹ̀ wò tinú tẹ̀yìn. "Dádì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò ní bínú," ó ní.

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ṣeé gbé lọ sí kóòtù, sà."

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù tó há létí, ó kọ ọ́ sára àgékù pákó kan: kálukú á jẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Ó buwọ́ lù ú.

Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ gùn ún. "Lọ́jọ́ tí àlùfáà gbá mi mọ́ra tó ń gbàdúrà fún mi, mo fi aṣọ rẹ̀ nu ikun imú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nù ún. Àdúrà ẹ̀ ti gùn jù."

"Ọlọ́run gbọ́!" Káfíńtà fi ohùn Tíṣà sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ọ̀rẹ́ òun ni àlùfáà náà.

Ó kan Lọ́yà. Ó há àgékù pákó náà mọ́ abíyá, ó gòkè. "Mo sọ fún áńtì kíláàsì wa pé etí yín ti di."

"Etí ta ni?"

"Etí yín, sà. Nígbà tí ẹ wá sí ìpàdé òbí, odidi wákàtí kan lẹ fi ń ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kan àga ilé ìwé. Mo rò pé tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ò gbọ́rọ̀, wọn ò ní pè yín mọ́."

Ìgbà yẹn lojú káfíńtà là. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni áńtì kíláàsì náà ti ń pariwo mọ́ ọn lẹ́nu géètì bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò, tí á tún máa ju ọwọ́: "Ẹ KÁÀÁRỌ̀, SÀ!" Káfíńtà rò pé wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Lòun náà bá ń pariwo padà. Odidi sáà kan làwọn méjèèjì fi ń jágbe mọ́ra wọn lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń du ilẹ̀.

Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

"Bàbá Lọ́yà," ìyàwó rẹ̀ ní, ó ti ki etí aṣọ bọ ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín, "ẹ rántí pé ìwé àdéhùn wà lábẹ́ abíyá ọmọ o."

"Ọlọ́run... gbọ́." Ó jáde bí ẹni tí egungun há lọ́fun.

Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tiraka dìde. "Ó kàn mí."

"Màámi, ẹ jókòó. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló kù fún yín?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé tèmi ti tán? Ẹ fà mí gòkè."

Wọ́n dì í lápá mú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó dúró dáadáa, ó wò wọ́n yí ká. "Ohun tí ẹ ń pè ní àṣà yìí, kì í ṣe àṣà. Ìwádìí olè ni."

"Kí lẹ wí?"

"Kẹ̀kẹ́ gbé Tíṣà ṣubú, eyín rẹ̀ mẹ́rin níwájú dà nù. Wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, ó funfun bí àwo tuntun. Bí ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn. Kì í ṣe sí mi o! Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ló ń fi í rẹ́rìn-ín sí, látorí olóhùn òkè dórí olóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, mo bá eyín náà nínú ife omi. Mo dà á sí ṣáláńgá."

"Màámi!"

"Ìwọ ṣì ń rákò nígbà yẹn. Òun ló sì yẹ kó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀, ó gbé àpótí kalẹ̀, ó ní kí ẹni tó ṣẹ òun jẹ́wọ́, òun ò ní nà án. Ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́wọ́ ṣúgà. Ìkejì jẹ́wọ́ fèrèsé tó fọ́. Ẹnì kan ò dárúkọ eyín. Ó lọ ka Bíbélì bẹ́ẹ̀, gbogbo olùṣọ́ àgùntàn di olùhọ́ àgùntàn. Lọ́dún kejì, ó tún gbé àpótí jáde. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ń wá eyín rẹ̀, tí ẹ̀yin ń pè é ní ìwà mímọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Ẹ̀yin ọmọ ló ń bi. Kò bi mí rí."

"Màmá àgbà, ṣé eyín náà ṣì wà níbẹ̀?" Àbíkẹ́yìn ló bèèrè.

Nọ́ọ̀sì ti yí lulẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí mọ́. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ló fi fá pákó, ó fi pépà oníyanrìn gbo ó, ó kùn ún lọ́dà, nítorí ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣáláńgá. Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun sunkún.

"Dádì, ó ku ẹ̀yin," Lọ́yà ní.

"Bàbá kì í gùn ún."

Ọmọ na àgékù pákó sí i. "'Kálukú' lẹ kọ."

Ó gùn ún. Ó ti ní irọ́ kékeré kan lọ́kàn tó fẹ́ jẹ́wọ́, ti bọ́ọ̀lù tó lọ wò níjọ́ tó ní mọ́tò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, òmíràn ló jáde. "Ní Kérésì tí bàbá mi ṣe kẹ́yìn, ó ránṣẹ́ pé kí n wá gun àpótí. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan. Mo sùn sórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti sú mi láti máa ṣe ọmọ."

"Ó mọ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Ó fi ọ̀pá rìn débẹ̀. Ìhanrun rẹ ló gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ló bá padà. Ó ní bó ṣe ń hanrun láti kékeré nìyẹn, ẹ jẹ́ kó sùn."

Káfíńtà fi ọwọ́ tó kún fún àpá ṣíṣẹ́lì nu ojú. Ìyàwó rẹ̀ ló sì rí àyè sá nínú ìyẹn: ó ní adìyẹ ń jóná, ó fò dìde, kò sẹ́ni tó rí i mú gun àpótí mọ́.

Nídìí oúnjẹ, Àbíkẹ́yìn bèèrè bóyá bàbá àgbà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Káfíńtà ní kò mọ̀ ọ́n rárá, pé ńṣe ló máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù bí ẹyin, á dá a padà fún ẹni tó ni ín, á ní kó lọ kàwé.

"Irọ́ ni," ìyá rẹ̀ ní, ó ń fa itan adìyẹ ya. "Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Bíṣọ́ọ̀bù ló bà."

Káfíńtà ò gbọ́ ìyẹn rí láyé rẹ̀. Ó gbé síbí sílẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Bíṣọ́ọ̀bù wo?"