Kòtò Níbi Tó Yẹ Kí Òkè Wà

"Bàbá, ṣé kí onítáìlì máa bẹ̀rẹ̀?"

Ọmọbìnrin Bàbá Oníwọ̀n ló bi í. Ojú bàbá wà lára kọ̀ǹpútà. Níwájú ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ ni òkúta pẹlẹbẹ kan wà, irú èyí tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá ọmọ. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Onítáìlì ti po sìmẹ́ńtì.

Rédíò ni bàbá ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán inú nǹkan, ó fi ń wọn ọ̀gẹ̀dẹ̀, iyọ̀, eérú, bíríkì, títí àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kò wọn nǹkan kan mọ́. Òkúta yìí ni àkọ́kọ́.

"Ṣebí nọ́ńbà ìtànṣán tó wà nísàlẹ̀ yẹn kéré," ọmọ rẹ̀ wí.

"Ó kéré. Irọ́ ló ń pa. Rédíọ̀mù, ohun tó máa ń tan ìtànṣán nínú òkúta, ní òkè mélòó kan lórí àwòrán yìí. Wọ́n máa ń jáde pọ̀ bí ọmọ ìyá. Wo àwọn àbúrò. Ẹ̀gbọ́n wọn dà?"

Níbi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n dúró sí, kòtò ló wà.

Ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ ka yàrá lófìfo, kó lè máa yọ ìyẹn kúrò nínú gbogbo ohun tó bá wọ̀n. Bàbá ṣí kíkà òfìfo tó ṣe kẹ́yìn. Kò wò ó rí. Ta ní í wo òfìfo? Òkè kan dúró láàárín rẹ̀ bí ilé alájà. Ó ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí ìyàwó rẹ̀ gba oògùn àìsàn ọrùn tó ń ṣe é ni. Oògùn ọ̀hún ń tan ìtànṣán láti inú ara ẹni tó bá gbé e mì. Ilé ìwòsàn ní kó má sún mọ́ ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Ìyá rẹ wọ yàrá yìí lọ́jọ́ náà."

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "Ẹ ti sùn lọ lórí àga níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka òfìfo. Ó jókòó tì yín títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n má sọ. Mo ní, 'Màámi, dókítà ní kẹ́ ẹ jìnnà sí èèyàn.' Ó ní, 'Ẹni tó ń hanrun báyìí, ṣé èèyàn nìyẹn?'"

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó rò pé ìyàwó òun dá wà ni.

Ó gbé òkúta náà síta, ó ti ilẹ̀kùn. Wákàtí kan ni àwọn méjèèjì fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ka òfìfo tuntun. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ibi tí òkè yẹn wà ti tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bàbá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé òkúta padà.

Ẹ̀gbọ́n yọjú. Ó ga ju àwọn àbúrò lọ.

"Ní kí onítáìlì lọ tẹ́ ẹ síta," ó wí. "Kì í ṣe ohun tí ọmọ ó máa rákò lé lórí."

Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun pa òfìfo àtijọ́ rẹ́. Ó tẹ rárá.

"Kí lẹ ó fi ṣe, Bàbá? Àṣìṣe ṣáà ni."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. Ó fi í pamọ́.